Ọkọ mi ń fa féèpù lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó tó ọdún méjì tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìkọ nǹkan kan. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti kan èmi náà.

Ọjọ́ márùn-ún rèé tí ọkọ mi ti wà ní ọsibítù. Nùmóníà ló dá a dùbúlẹ̀. Wọ́n ki rọ́bà ọ́síjìn sí i nímú, wọ́n sì ń fa oògùn sí i láti ojú iṣan. Ọdún méjìlélógún ló fi mu sìgá kó tó jáwọ́ lọ́dún 2021, féèpù, ìyẹn sìgá oníbátìrì, ló sì fi rọ́pò rẹ̀. Inú mi dùn nígbà náà, torí òórùn sìgá kúrò lára kọ́tìnnì, ikọ́ tó máa ń jí gbogbo ilé láàárọ̀ náà sì rọlẹ̀.

Lóru ọjọ́ kẹta tó débẹ̀, nọ́ọ̀sì gbóòórùn máńgòrò. Máńgòrò, nínú wọ́ọ̀dù, ní aago méjì òru! Ìgbà tó máa ká bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò, ọkọ mi ti yọ rọ́bà ọ́síjìn nímú, ó gbé e sáyà, afẹ́fẹ́ ṣì ń jáde lẹ́nu rẹ̀, òun náà sì ń fa féèpù tirẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì lọgun. Gbogbo wọ́ọ̀dù jí. Wọ́n gba féèpù náà, wọ́n sọ ọ́ sínú ọ̀rá, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, wọ́n tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo dé láàárọ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì jágbe mọ́ mi nítorí pé ògì tí mo gbé wá ti tutù. Ọkùnrin tí kì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣé kí n gba nǹkan yìí kí n jù ú nù ni, nígbà tó jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣàìsàn? Àbí kí n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó máa jáde lọ fà á? N kò mọ èyí tí í ṣe ìfẹ́ nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ tó kù wúwo lẹ́nu mi. Èmi tí n kò fi sìgá kan ẹnu rí láyé mi, mo ti ń fa féèpù rẹ̀ kan tó wà nínú mọ́tò. Bí mo bá ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo máa ń jókòó ní pákì ọsibítù, màá fà á bí ẹ̀ẹ̀mẹfà kí n tó lè wakọ̀ lọ mú àwọn ọmọ níléèwé. Àyà mi á sì rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú mà. Lójú tèmi o, ẹ jù ú nù. Kí ni ẹ̀dọ̀fóró tó ń ṣàárẹ̀ fẹ́ fi féèpù ṣe?

Nọ́ọ̀sì Òru, Birmingham

Ẹ kú ìdúrótì mà. Ara bàbá á yá láṣẹ Ọlọ́run. Ọdún kẹtàlá mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ wọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá yín lóhùn.

Nọ́ọ̀sì tó lọgun yẹn, ẹ̀rù iná ló bà á. Ọ́síjìn fúnra rẹ̀ kì í jó, àmọ́ ohunkóhun tó bá fẹ́ jó, òun ló máa sọ ọ́ di ràn-ìn. Wáyà kékeré kan wà nínú féèpù tó máa ń gbóná nígbàkígbà tí èèyàn bá fà á, bátìrì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Aṣọ, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti irun orí máa ń mu ọ́síjìn sára bí kàn-ìn-kàn-ìn ṣe ń mu omi. Bí ọkọ yín ṣe yọ rọ́bà tó gbé e sáyà, ó rò pé òun ń ṣọ́ra ni. Ńṣe ló ń da ọ́síjìn sínú bùláńkẹ́ẹ̀tì tó bo òun fúnra rẹ̀. Kódà bí a bá pa ọ́síjìn níbi tó ti ń jáde lára ògiri, á ṣì wà nínú aṣọ fún ìgbà díẹ̀. Ṣájà féèpù náà kò gbọ́dọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń gba ọ́síjìn.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ iná: ẹ má fi òrí tàbí Vaseline pa á nímú àti ètè nígbà tí rọ́bà bá wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwa ìyá Yorùbá fẹ́ràn láti fi òrí pa aláìsàn. Ọ̀rá àti ọ́síjìn kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fún yín ní ìpara tí wọ́n fi omi ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n wá bi yín léèrè. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á wọlé, wọ́n bi í pé ṣé ó ń mu sìgá. Kí ló dáhùn?

Ìyá Ìbejì

“Rárá” ni. Èmi gan-an ni mo dáhùn fún un, torí kò lè mí dáadáa. Mo ní ó ti fi í sílẹ̀ láti 2021. Mo tiẹ̀ fi yangàn.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀bi yín sì kọ́. Òótọ́ lẹ sọ. Wọ́n bi yín ní sìgá, ẹ dáhùn lórí sìgá. Ẹnikẹ́ni kò béèrè féèpù, bẹ́ẹ̀ nikotíìnì, ohun tó ń di bárakú, tó wà nínú méjèèjì kò yàtọ̀. Láti 2019 ni NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, ti fi í sínú ètò ọlọ́jọ́ pípẹ́ rẹ̀ ní England pé ẹni tó bá ń mu sìgá tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù, kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ láti jáwọ́, kí wọ́n sì fún un ní oògùn rẹ̀. Ọkọ yín kò bọ́ sínú ìwé yẹn torí “rárá” ni wọ́n kọ sílẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ara tó ti mọ́ nikotíìnì ní àràárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kò rí ẹyọ kan. Ojú pípọ́n, ọwọ́ gbígbọ̀n, jíjágbe mọ́ ẹni tó gbé ògì wá: bárakú ló ń pariwo. Láàárín wákàtí mélòó kan ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó rọlẹ̀ tán.

Láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó bọ́ kóòtù yín, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún un báyìí: “Ọkọ mi ń fa féèpù lójoojúmọ́, nikotíìnì inú rẹ̀ pọ̀ tó báyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ẹ sì fún un ní ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀.” Kí ẹ ti wo ara ìgò omi féèpù rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ óò rí nọ́ńbà kan: 6, 10, 12 tàbí 20. Nọ́ńbà yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ bí bárakú náà ṣe tó.

Àbúrò mi Ọmọ Ìjẹ̀bú, mo gbọ́ ẹ o. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tí wọ́n ju féèpù rẹ̀ nù. Bàbá kan wọ sálúbàtà ọsibítù jáde sínú òjò, ó ń wọ́ irin tí wọ́n so ìgò omi rẹ̀ kọ́ lẹ́yìn, ó ń tọrọ sìgá lọ́wọ́ awakọ̀ takisí lẹ́nu géètì. Ọdún mẹ́rin ló ti fi sìgá sílẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi dì í wọlé. Ohun tí mò ń sá fún nìyẹn.

Apoògùn, Milton Keynes

Nọ́ọ̀sì ti là á yé wa. Ẹ jẹ́ kí n fi ti oògùn kún un.

Oríṣi méjì ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn pọ̀. Èkíní ni pílásítà nikotíìnì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá tàbí ìtàn, tí nikotíìnì inú rẹ̀ máa ń wọ ara díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Oní-wákàtí mẹ́rìndínlógún wà, oní-wákàtí mẹ́rìnlélógún náà wà. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kan náà lójoojúmọ́, awọ ara á yún. Èkejì ni èyí tó ń yára ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkàn bá fà sí i: ṣíngọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n ń lá, tàbí èyí tí wọ́n ń fín sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Pílásítà nìkan kì í sábà tó ẹni tí bárakú rẹ̀ pọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ṣíngọ́ọ̀mù yìí. Wọ́n á máa jẹ ẹ́ bíi ti ọmọdé, wọ́n á gbé gbogbo itọ́ mì, inú á wá máa rú wọn, wọ́n á ní oògùn òyìnbó ò dáa. Ẹ jẹ ẹ́ díẹ̀, tó bá ti ta yín lẹ́nu bí ata, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì, ẹ fi í síbẹ̀. Tí títa náà bá lọ, ẹ tún jẹ ẹ́ díẹ̀. Ẹ má mu kọfí tàbí omi ọsàn kété kí ẹ tó fi í sẹ́nu tàbí nígbà tó bá wà lẹ́nu, kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹni tó bá ń gba ọ́síjìn lè lo gbogbo nǹkan wọ̀nyí, kò sí iná nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé òun ni ọ̀nà ọkọ yín ní báyìí. Tí wọ́n bá yọ ọ́síjìn, tó lè rìn, tí dókítà sì fọwọ́ sí i, ẹ ó wá sọ̀rọ̀ féèpù.

Mo ń fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín lórí ọ̀kan. Ẹ ní féèpù wà nínú mọ́tò tí ẹ fi ń gbé àwọn ìbejì. Òfin ilẹ̀ yìí ní nikotíìnì kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 20 lọ nínú mílílítà kan, ìgò tí wọ́n fi ń bu sí i kò sì gbọ́dọ̀ ju mílílítà 10 lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìgò kékeré kan tó tóbi tó àtàǹpàkò lè gbé 200 mílígíráàmù nikotíìnì, ó sì ń rùn bíi máńgòrò. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ̀ pé kì í ṣe jùúsì. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú mọ́tò lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn. Tí ọmọ bá fi kan ẹnu, ẹ má dúró wo nǹkan tó máa ṣe, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Ìyá Ìbejì

Mo ti sọ̀ kalẹ̀ lọ yọ ọ́. Ó wà lábẹ́ ìjókòó àwọn ọmọ. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin, Leeds

Ẹ ṣeun mà, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa, bóyá á ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Àbúrò mi ọkùnrin ń gba ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ, clozapine sì ni oògùn tó dúró fún un lẹ́yìn ọ̀pọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Ogún sìgá ló máa ń mu lóòjọ́. Nígbà tí wọ́n dá a dúró sí wọ́ọ̀dù, wọ́n ní kò sí sìgá mọ́, féèpù nìkan ni wọ́n gbà láyè nínú àgbàlá. Inú wa dùn. Lọ́sẹ̀ kejì, mo lọ kí i, mi ò lè jí i. Ó ń sùn fọnfọn lọ́sàn-án gangan, itọ́ ti rin ìrọ̀rí títí dé èjìká rẹ̀. A rò pé wọ́n fi kún oògùn rẹ̀ ni. Wọn ò fi nǹkan kan kún un. Sìgá tó fi sílẹ̀ ló fa á. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí i pé clozapine ti pọ̀ jù lára rẹ̀, wọ́n dín in kù, orí rẹ̀ sì pé padà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa fún wa.

Apoògùn

Ẹ ṣé gan-an mà, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí gbogbo ìdílé mọ̀ nìyí. Ọ̀dà inú èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára fọ́ àwọn oògùn kan túútúú. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń mu sìgá máa ń nílò oògùn tó pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Lọ́jọ́ tó bá jáwọ́, ẹ̀dọ̀ á rọra padà sí ìṣe rẹ̀, oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀ á wá pọ̀ jù fún un. Nikotíìnì kọ́ ló ń ṣe é, èéfín ni. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé féèpù kò lè rọ́pò sìgá lórí ọ̀rọ̀ yìí, pílásítà náà kò lè rọ́pò rẹ̀. Clozapine ló léwu jù nínú wọn. Olanzapine, oògùn àìsàn ọpọlọ mìíràn, wà níbẹ̀, theophylline tí wọ́n ń fún àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró ń dà láàmú náà wà níbẹ̀. Tí ènìyàn yín bá tún padà sí sìgá nígbà tó délé, òdìkejì rẹ̀ ló máa ṣẹlẹ̀: oògùn kò ní tó mọ́, àìsàn á sì padà. Ẹ sọ fún dókítà nígbà tó bá jáwọ́, kí ẹ sì tún sọ fún wọn bó bá padà sí i.

Délé sí Houston

Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ ò gbàgbé 2019 ni? Níbí, àwọn èèyàn wọ ọsibítù lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nítorí féèpù, àwọn kan sì kú. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń ka ìmọ̀ràn yìí.

Apoògùn

Àbúrò, òtítọ́ lo sọ, kò sì yẹ ká fojú kékeré wò ó. Títí di oṣù Kejì 2020, CDC, àjọ tó ń gbógun ti àìsàn ní Amẹ́ríkà, ka ènìyàn 2,807 tó dé ọsibítù, 68 nínú wọn kú. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn wò, ohun tí wọ́n rí lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni òróró fítámì E kan tí wọ́n pò mọ́ igbó olómi, èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀. Ní Britain, òfin kò gba fítámì kankan láàyè nínú omi féèpù. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn mi pé kí wọ́n má ra féèpù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á láti inú bàágì. Ní 2015, Public Health England, àjọ ìlera ìjọba nígbà náà, fojú bù ú pé féèpù fi nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún dín ewu sìgá kù. Àwọn onímọ̀ kan bá wọn jà lórí nọ́ńbà yẹn, èmi náà kì í gbé e ká bí ẹni gbé Bíbélì. Ohun tó dá mi lójú ni pé fún ẹni tó ń mu sìgá, féèpù sàn jù ú lọ. Fún ẹni tí kò mu nǹkan kan rí, kò sàn ju afẹ́fẹ́ lásán lọ.

Agbẹ̀bí, Essex

Mo fẹ́ fi gbólóhùn kan sí i fún àwọn aboyún tó ń ka èyí. Ẹ̀rọ tí a máa ń ní kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ní kílíníìkì, kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì, gáàsì olóró kan, ló ń wọ̀n, inú èéfín sìgá ló sì ti ń wá. Féèpù kì í gbé e sókè. Ẹ má fi èyí pa á mọ́ fún wa, ẹ sọ ọ́, ká lè fún yín ní pílásítà tàbí èyí tó bá yín lára mu. A kò ní lé yín.

Ìyá Àgbà, Manchester

Ọmọ mi Ìyá Ìbejì, gbogbo wọn ti sọ̀rọ̀ nípa ọkọ rẹ. Ìwọ ńkọ́?

Ní 1998, nígbà tí ìyá mi wà lórí àìsàn tó gbé wọn lọ, mo ń wá láti Manchester sí Adó-Èkìtì, mo ń padà, mo ń wá. Àbúrò ọkọ mi kan fún mi ní sìgá kan lẹ́yìn ilé, ó ní kí n fi í fara dà á. Mo fi í fara dà á. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi fara dà á. Ìyá mi ti kú, a ti ṣe ìsìnkú, a ti ṣe ìrántí, sìgá ò kúrò lọ́wọ́ mi. Mo ń sọ fún ara mi pé ìbànújẹ́ ló ń jẹ́ kí n mu ún, kò sì rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Láàárọ̀, kí n tó rántí ìyá mi, ọwọ́ mi ti wà nínú báàgì.

Ara tí kò tíì mọ̀ ọ́n, ọjọ́ mélòó kan péré ló fi ń kọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lo sọ pé o fà á kí o tó wakọ̀. Bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣé mo parọ́?

Àyà rẹ rọlẹ̀ lóòótọ́, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n wo ohun mìíràn tí o ń ṣe nínú mọ́tò yẹn: o jókòó. O ti ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni kò pè ọ́. O ń mí kanlẹ̀, o ń dá èémí dúró, o ń tú u jáde. Láti àárọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí o mí rèé. Gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, tìrẹ ni, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ. Nǹkan ọwọ́ yẹn nìkan ni kí o sọ sílẹ̀. Mú ọsàn tàbí ẹ̀pà dání. O lè má tíì jẹun láti àárọ̀.

Ta ló ń bá ọ mú àwọn ọmọ níléèwé? Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wá kí i, tí wọ́n gbé èso wá, kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Sọ fún ọ̀kan kó mú ọmọ ní Mọ́ńdè àti Tusidé. Sọ fún ọ̀kan kó jókòó tì í lálẹ́ Wẹ́sídeè kí o lè sùn. Nílé wa, ẹnì kan kì í dá ṣètọ́jú aláìsàn. Ìlú òyìnbó ló kọ́ wa pé ká máa dá a ṣe. Àwọn èèyàn fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́, wọn ò kàn mọ ohun tí wọn yóò ṣe ni.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ẹ ṣé mà, Ìyá Àgbà. Mo rí i lára àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ wákàtí méjìlá, a sì ń sáré lọ sínú mọ́tò lọ fa féèpù nígbà ìsinmi. Nǹkan bíi wákàtí méjì ni ara fi ń dín nikotíìnì kù dé ìdajì. Nígbà tí ìsinmi bá fi máa dé, ara ti ń yánhànhàn, a ó sì máa pè é ní wàhálà iṣẹ́. Bí a bá fà á, ìyánhànhàn náà á lọ, a ó ní ó mú ara tù wá. Ní 2014, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ kó ìwádìí 26 jọ lórí àwọn tó jáwọ́ nínú sìgá, ó sì hàn pé àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọn dín kù ju ti àwọn tó ṣì ń mu ún lọ. Mo kà á fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nínú yàrá ìsinmi. Ẹni méjì ti lọ gba pílásítà.

Ìbàdàn Mẹ́sìọ̀gọ̀

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ jọ̀wọ́, ti ilé ńkọ́? Bàbá mi wà ní wọ́ọ̀dù níbí, pẹ̀lú ìgò irin ọ́síjìn gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá kí wọn pẹ̀lú féèpù lọ́rùn.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ẹ ní kó jáde, ẹ má tijú. Òfin àkóso tábà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2015, ka ilé ìwòsàn mọ́ ibi tí a kò ti gbọ́dọ̀ mu sìgá. Ìgò irin yẹn sì léwu ju ti ẹnu ògiri wa níbí lọ, torí ẹnu kọ́kọ́ rẹ̀ lè máa jò láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ṣítóòfù, ìṣáná, àbẹ́là, fóònù tó ń gba ṣájì lórí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo wọn kúrò níbẹ̀. Tí bàbá fúnra wọn bá ń mu sìgá tàbí tí wọ́n ń fín aṣáà, ẹ sọ fún dókítà. Aṣáà pẹ̀lú, nikotíìnì ni. Àwọn arúgbó wa kì í kà á sí nǹkan kan, wọ́n á sì máa gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì, a ó ní ibà ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mo ti kọ́gbọ́n o. Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́, Ìyá Ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn: ta ló ni àṣẹ lórí féèpù nínú ọgbà ọsibítù níbí? Ibì kan á ní kò sí àyè, ibòmíràn á ní ó wà.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ọsibítù kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Òfin tó lé sìgá kúrò nínú ilé gbogbogbòò ní England, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2007, èéfín sìgá ló bá wí, kò kan féèpù. Ní 2019, Sandwell and West Birmingham, àjọ tó ń darí àwọn ọsibítù kan níbí, jẹ́ kí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù féèpù sínú ọsibítù rẹ̀ méjì, wọ́n sì ní ẹni tó bá mu sìgá nínú ọgbà á san 50 pọ́ùn. Ibòmíràn, ẹ ò gbọ́dọ̀ fà á dé ẹnu géètì. Ẹ béèrè lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé. Tí iṣẹ́ abẹ bá wà, ẹ sọ ọ́ fún dókítà tó máa kun yín lóorun. Kò sí ibì kankan tí mo mọ̀ tí wọ́n ti ń gbà á láyè lórí bẹ́ẹ̀dì wọ́ọ̀dù bíi tiwa.

Ìyá Ìbejì, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú àdúrótì.

Mo ṣe bí Nọ́ọ̀sì Òru ṣe wí. Mo mú ìgò náà dání, 20 ló wà lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan, ọmọ Ghana, gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó ní “Ah, Mummy, why nobody tell us?” Kò tó wákàtí méjì tí wọ́n fi lẹ pílásítà mọ́ apá ọkọ mi, wọ́n sì fún un ní èyí tó ń fín sẹ́nu. Kò dùn mọ́ ọn. Ó ní ó ta á lẹ́nu bí ata ṣọ̀ńbọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi nítorí ògì yẹn, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó lọgun náà, ó sì sùn láti aago mẹ́wàá di aago márùn-ún.

Wọ́n yọ ọ́síjìn lánàá. Wọ́n ní bóyá ní Fúráìdé yóò máa bọ̀ nílé. Ẹni tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti jáwọ́ wá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì ti kọ ọjọ́ tí yóò máa pè é lórí fóònù. Ọkọ mi ní òun fẹ́ gbìyànjú kí òun fi pílásítà nìkan délé, kí òun wò ó bí òun á ṣe ṣe é. Èmi ò bá a jiyàn. Tó bá padà sí féèpù, ó sàn ju kó padà sí sìgá lọ.

Ní tèmi, féèpù inú mọ́tò, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á, torí mo gbọ́ pé dandan ni kí wọ́n gbà á padà nítorí bátìrì. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ le fún mi. Orí fọ́ mi, mo sunkún nínú pákì. Ìyá Àgbà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo fà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ò parọ́. Mọ́ńdè àti Tusidé, ìyàwó pásítọ̀ ló ń mú àwọn ọmọ. Mi ò mọ̀ pé ilé wọn kò jìnnà sí iléèwé náà.

Ìbéèrè mi tó kù: níbo ni kó ti máa fi nǹkan náà gba ṣájì tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà á nílé? Ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí ló máa ń fi í sí tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ọlọ́run ṣeun! Orí tábìlì kíṣìnì ni mà, pẹ̀lú ṣájà tó bá a wá gan-an, nígbà tí ẹnì kan bá wà lójúfò nínú ilé. Kó yọ ọ́ kó tó lọ sùn. Ẹ bá mi kí i.